Abala Kẹsàn-án Tí Mo Fò

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Apápá ló ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀ nípa iṣẹ́ tí mo ṣe, torí pé àwọn náà ń ronú iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n ti gba ti lọ́yà kan, wọ́n ti gba ti nọ́ọ̀sì, wọ́n wá ní ó ku Mọ́mì Mojí tó ṣiṣẹ́ bọ́ọ̀lù. Mo rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́: ta ló lọ sókè òkun, ta ló kọ́lé, ta ni mo mọ̀ kó tó di gbajúmọ̀. Ẹ lọ wá ìyẹn níbòmíràn. Èmi máa sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí lọ́wọ́ mi, màá sì sọ èyí tó ń dùn mí níbẹ̀, nítorí mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń purọ́ láti fi gbayì.

Táípíìsì ni mí. Ilé iṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù wọlé ní Apápá ló gbà mí. Owó oṣù ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wọlé lásìkò, mo ti sọ ìyẹn tán. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀, wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa tẹ ìwé ẹgbẹ́, gbogbo ọkùnrin ọ́fíìsì sì sá fún un nítorí Ọ̀gá Dúrójayé. Èmi ni mo kéré jù, èmi ni wọ́n tì síwájú.

Ọ̀gá Dúrójayé ni mánéjà ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò tíì rí ẹni tó le. Wọ́n ga, wọ́n gbẹ, wọn kì í pariwo. Tí inú bá bí wọn, ṣe ni ohùn wọn máa ń lọ sílẹ̀, tí wàá fi máa sún mọ́ wọn kí o lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ọ wí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sí pápá ní Ajégúnlẹ̀, mo wọ bàtà gogoro. Mo rò pé màá jókòó síbì kan, màá máa kọ̀wé bíi ti ọ́fíìsì. Iyanrìn gbé gìgísẹ̀ bàtà náà mì. Mo bọ́ ọ, mo fi ẹsẹ̀ lásán dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin, àwọn tó wá wòran sì ń pè mí ní ìyàwó bọ́ọ̀lù. Ọ̀gá ò tiẹ̀ wo ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ní kí n kọ ohun tí mo rí. Mo kọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n àti iye ìgbà. Wọ́n kà á, wọ́n fà á ya sí méjì, wọ́n ní gbogbo ẹni tó wà ní pápá ló rí ìyẹn, kí wá ni àwọn ń fi mí ṣe.

Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn fún bí ọdún mẹ́ta. Wọ́n ní kí n fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kí n máa wo ọmọ. Kí ló ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù ò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀? Tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ó sáré padà, àbí ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí? Tí kóòṣì bá bá a wí, ta ló kọ́kọ́ wò? Tí mo bá sọ pé ọmọ kan dára, wọ́n á ní dára fún kí ni. Ọmọ lè dára gan-an kó má wúlò fún wa, torí pé a ti ní irú rẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí màá bú wọn nínú ọkàn mi láti Boundary ní Ajégúnlẹ̀ títí dé Ìjọra. Màá délé, màá tún sunkún. Àmọ́ nígbà tó yá ojú mi là, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí àwọn tó ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ò rí, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé ọkọ mi ń jowú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń yan agbábọ́ọ̀lù, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ la jẹ́ nínú líìgì wa, láti Apápá, Ajégúnlẹ̀ dé Ìjọra. Tẹ́lẹ̀, ṣe ni wọ́n máa ń jà lórí ọmọ. Ẹgbẹ́ kan á lọ fi ọmọ pamọ́ sílé àbúrò mánéjà, ẹgbẹ́ kejì á kó ọlọ́pàá lọ síbẹ̀. Nígbà tó sú àwọn tó ni ẹgbẹ́, wọ́n fẹnu kò pé kí gbogbo ọmọ tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù wá ṣe ìdánwò ní pápá kan náà fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà kí àwọn ẹgbẹ́ jókòó yí tábìlì kan ká, kí wọ́n máa mú wọn ní kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tó gbẹ́yìn lọ́dún tó kọjá ló máa kọ́kọ́ mú, èyí tó gba ife ló máa mú kẹ́yìn. Ọjọ́ Tábìlì là ń pè é. Ọjọ́ náà, ẹ ò ní gbọ́ pé ẹnì kan húkọ́.

Òfin kejì ni gbèdéke. Ẹgbẹ́ méjì ti wó rí nítorí pé wọ́n ń san owó tí apá wọn ò ká, ni wọ́n bá fi ààlà sí gbogbo owó oṣù tí ẹgbẹ́ kan lè san fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lápapọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá kọjá rẹ̀, wọ́n á yọ pọ́ìǹtì rẹ̀. Èyí ló mú iṣẹ́ wa le. Wàá rí ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù í gbá, wàá wá bi ara rẹ pé èló ló máa gbà, fún ọdún mélòó, tí mo bá sì fún un, ta ni mi ò ní lè san tirẹ̀ mọ́. Ìkòkò ọbẹ̀ kan ni, ẹni méjìlélógún ló fẹ́ jẹ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdá kan nínú mẹ́ta ìkòkò náà fún ọmọ gíga kan tí gbogbo èrò ń pariwo orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọdún fi máa parí, wọn ò ní owó tí wọ́n fẹ́ fi gba aṣọ́lé tó ní láárí, bọ́ọ̀lù ń wọlé sí wọn láwọ̀n bí ẹni ń wọ ọjà. Ọ̀gá Dúrójayé ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n má gbàgbé.

Lẹ́yìn Ọjọ́ Tábìlì ni iṣẹ́ tèmi gan-an máa ń bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ń tẹ ìwé àdéhùn, èmi náà ni mo ń gbé e lọ sílé àwọn òbí. Ọ̀gá ò gbà kí wọ́n pe òbí kankan wá sí ọ́fíìsì wá fọwọ́ sí nǹkan, wọ́n ní ẹ̀rù ọ́fíìsì máa ń jẹ́ kí èèyàn fọwọ́ sí ohun tí kò yé e. Inú pálọ̀ wọn la máa ń lọ. Màá jókòó, màá ka ìwé náà látòkè délẹ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́, abala kan lẹ́yìn èkejì, màá sì dúró kí wọ́n bi mí léèrè. Tí wọn ò bá gbọ́ Yorùbá, màá sọ ọ́ ní pijín. Bí àwọn ìyá Ajégúnlẹ̀ ṣe mọ̀ mí nìyẹn. Ó débi pé tí ẹgbẹ́ mìíràn bá gbé ìwé wá, wọ́n á ní ó di ìgbà tí Àǹtí Mojí bá bá àwọn kà á. Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá ń fẹ̀yìn tì, wọ́n kó fáìlì lé mi lọ́wọ́. “Mojí, ọjọ́ tí o bá fo ìlà kan péré, fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀,” ni wọ́n sọ. Mo ní mo gbọ́, sà.

Tapuráítà la fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú kábọ̀nù láàárín ìwé mẹ́ta. Tí mo bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, màá tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó ń dá mi lágara, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé náà tí ìka mi ò kàn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn ọ̀gá á kàn fi abala tuntun ránṣẹ́ látòkè, ó ti wọnú ìwé nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa bi wọ́n pé kí ló dé. Lẹ́yìn náà ni fóònù wá dé. Kóòṣì ò wá sí pápá mọ́, ó ń yan ọmọ látinú fídíò ìṣẹ́jú méjì tí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà gé, tó ti yọ gbogbo ibi tó ti ṣubú kúrò. Mo kùn títí. Wọ́n ní Mọ́mì ti darúgbó.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ipò karùn-ún la ṣe, torí náà àwa la máa mú ṣìkẹrin nídìí tábìlì. Ọjọ́ kejì ìdánwò ni mo ti rí Wàsíù. Ó kúrú, ó tínrín, jẹ́sì tí wọ́n fún un gùn dé orúnkún rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ló sì ń lò. Wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yíjú padà, ó lé ẹni náà láti ìpẹ̀kun pápá kan dé èkejì títí tó fi gbà á padà. Mo pa ìwé mi dé. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló máa mú ṣáájú wa, mo sì ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fọ́ wọn lójú. Àdúrà mi gbà. Nígbà tí mo pe orúkọ Wàsíù, kóòṣì ẹgbẹ́ kan rẹ́rìn-ín sí mi lójú, ó ní, “Madam, dis one short o.” Mo ní ẹ ṣeun sà, mo kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ.

Ìṣòro tó wà ni pé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gbèdéke. Mánéjà tuntun tó gba ipò Ọ̀gá Dúrójayé kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ìṣírò ló mọ̀, kò mọ bọ́ọ̀lù, ìdí nìyẹn tó fi ní kí èmi máa mú ọmọ nídìí tábìlì. Nínú òfin líìgì wa, ẹgbẹ́ tó bá ṣèlérí pé òun á tọ́jú agbábọ́ọ̀lù tó bá ṣèṣe gbọ́dọ̀ ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀, owó náà sì wà lára gbèdéke. Tí a bá ṣèlérí yẹn fún Wàsíù, kò sí àyè fún un mọ́. Ni mánéjà bá fi abala kẹsàn-án sínú ìwé rẹ̀: tí agbábọ́ọ̀lù bá ṣèṣe tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, àdéhùn parí lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ ò ní tọ́jú rẹ̀, kò sì ní san nǹkan kan fún un mọ́. Mo ní kò sí òbí tó máa gbọ́ èyí tó máa gbà. Ó ní kí n ṣe é bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Tí ìwé ò bá sì dé ọ́fíìsì líìgì kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ẹgbẹ́ mìíràn lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ọmọ náà.

Mo lọ bá wọn nílé wọn, ẹ̀yìn Boundary. Opó ni Ìyá Wàsíù. Ẹja yíyan ni wọ́n ń tà, wọ́n á lọ rà á ní tútù ní Marine Beach láàárọ̀, wọ́n á wá yan án lẹ́yìnkùlé, nítorí náà gbogbo pálọ̀ náà ló ń rùn fún èéfín. Wọ́n ra mínírà tútù fún mi. Wọ́n ní àwọn ò kàwé, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló sọ fún àwọn pé Àǹtí Mojí kì í fi nǹkan pamọ́. Wàsíù jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Mo ka abala àkọ́kọ́, mo ka èkejì. Nígbà tí mo dé ìkẹrin, Ìyá Wàsíù bi mí bóyá wọn ò ní ni ọmọ àwọn lára nígbà ààwẹ̀, mo ní rárá, mo ṣàlàyé. Mo ka ìkẹjọ. Mo wo ìkẹsàn-án dáadáa, mo mọ ohun tó wà níbẹ̀, mo sì gbójú lọ sí ìkẹwàá. Ohùn mi ò tiẹ̀ yí padà.

“Ṣé ó tán, mà?” ni Ìyá Wàsíù bi mí.

“Ó tán, mà,” ni mo dáhùn.

Wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n ní àwọn ọmọ tèmi náà á pàdé olùrànlọ́wọ́. Mo ṣe àmín. Wọ́n tẹ̀ka, Wàsíù fọwọ́ sí tirẹ̀. Mo fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún wọn bí òfin ṣe wí, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Apápá.

Mo ti wá àwáwí fún ara mi títí. Mo ní torí ọmọ náà ni mo ṣe ṣe é, mo ní ẹgbẹ́ mìíràn ì bá fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ní ta ló ń ṣèṣe tó ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ ọmọ náà fún ẹgbẹ́ mi ni, mo sì fẹ́ kí kóòṣì tó fi mí rẹ́rìn-ín mọ̀ pé mo mọ iṣẹ́ mi.

Ọdún méjì ni Wàsíù fi gbá bọ́ọ̀lù tí àwọn èèyàn ń ti Ìjọra wá wò. A gba ife. Ìyá rẹ̀ ń fi ẹja ránṣẹ́ sí mi ní ọ́fíìsì, ẹja tó tóbi, mo ń gbà á, mo ń jẹ ẹ́. Ní ọdún kẹta, lọ́jọ́ kan tí òjò ti sọ pápá di ẹrẹ̀, ó sáré lé bọ́ọ̀lù kan tí ẹlòmíràn ì bá jẹ́ kó lọ, ẹni tó ń ṣọ́ ọ yọ̀, ó sì ṣubú lé e lórúnkún. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ níbi tí mo jókòó sí. Gbogbo èrò dìde. Mo ti ń ka ọ̀sẹ̀.

Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló máa tún orúnkún náà ṣe, kí wọ́n má sì jẹ́ kó pẹ́. Mánéjà ní ká máa wò ó ná. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá pé ní ọjọ́ Ajé kan, láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló ní kí n tẹ lẹ́tà pé àdéhùn ti parí. Àyè Wàsíù nínú gbèdéke ló fẹ́ fi gba ọmọ gíga kan tó rí nínú fídíò. Mo lè kọ̀. Mo lè ní kó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, mo lè lọ bá àwọn ọ̀gá òkè pé èmi ni mi ò ka abala yẹn fún Ìyá Wàsíù, pé ẹ̀bi ẹgbẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì, ọkàn mi sì wà lára owó ìfẹ̀yìntì mi. Mo tẹ lẹ́tà náà. Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀.

Mi ò gbé e lọ fúnra mi, mo fi rán mẹ́sẹ́ńjà. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí pé ẹnì kan ń béèrè mi ní géètì. Ìyá Wàsíù ni, wọ́n mú ẹ̀dà ìwé àdéhùn tí mo fi sílẹ̀ fún wọn lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọn ò sọ pé kí n dìde, wọn ò sì sọ pé kí n má dìde.

“Àǹtí Mojí, wọ́n ní ó wà nínú ìwé. Ẹ bá mi kà á.”

Mo ka abala kẹsàn-án fún wọn níbẹ̀, lójú àwọn sìkìúrítì. Wọ́n tẹrí ba, wọ́n gbọ́ ọ dópin.

“Ẹ kà á dáadáa lónìí, mà,” ni wọ́n sọ. Wọ́n ká ìwé náà, wọ́n sì lọ. Wọn ò bú mi, wọn ò ṣépè. Ì bá sàn kí wọ́n ṣépè.

Orúnkún náà san bí ó ṣe wù ú, kò san dáadáa. Wàsíù ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Mo ṣiṣẹ́ ọdún méjì tó kù, wọ́n ṣe sẹ́ńdọ́ọ̀fù fún mi, wọ́n yìn mí títí pé mi ò ṣe èrú rí. Ọ̀gá Dúrójayé ṣì wà láyé nígbà náà, mi ò lè lọ kí wọn. Nígbà tí mo gbọ́ pé Ìyá Wàsíù kú, mo wọṣọ láti lọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo dé ẹnu ọ̀nà ilé mi, mo padà wọlé.

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wá ní kí n kọ ìtàn yìí, mo sọ fún ara mi pé mi ò ní kọ ọ́ kí n tó rí ọmọ náà. Mo béèrè, wọ́n ní ó ń ta bàtà bọ́ọ̀lù tòkunbọ̀ ní Boundary. Mo bá a níbẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń fi abẹ́rẹ́ rán ẹnu bàtà kan. Ó ti sanra díẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò tẹ̀ dáadáa, ó lọ gba àga fún mi lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń béèrè àlàáfíà mi. Mi ò jẹ́ kí ó kí mi tán.

“Wàsíù, abala kan wà nínú ìwé yẹn tí mi ò kà fún màmá rẹ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni.”

Ó tún fa okùn abẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan.

“Mo mọ̀, mà. Mo lọ síléèwé. Bí ẹ ṣe jáde lọ́jọ́ yẹn ni mo ti ka ẹ̀dà tí ẹ fi sílẹ̀, mo rí i níbẹ̀. Mi ò sọ fún wọn.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò pariwo, tí kò fi sá lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn nígbà tí ọjọ́ Ẹtì ò tíì pé. Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu.

“Ẹ̀yin lẹ gbé e wá, mà. Mo rò pé àwọn ọ̀gá yín ló fi í síbẹ̀, pé tó bá dọjọ́ náà, ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n lò ó fún mi.”

Omi ń dà lójú mi láàárín ọjà, mo ń fi gèlè nù ún. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Nígbà tó rí i pé mo fẹ́ dìde, ó gbé bàtà náà sílẹ̀, ó tiro lọ sójú títì, ó bá mi dá kẹ̀kẹ́ kan dúró. Ó dì mí lápá mú títí mo fi jókòó dáadáa, ó sì sọ fún ẹni tó ń wà á pé kó rọra sáré, pé ìyá òun ló gbé yẹn.